Olè Tí Akọ̀wé Dárí Jì

Aṣọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Gúnrégé ti lọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà kí àwọn ọlọ́pàá tó wá mú un. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ọgbọ̀n, áyọ́ọ̀nù wà lórí rẹ̀, nígbà tí wọ́n dì í lápá mú. Bí kò bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé irin náà kúrò lórí aṣọ ná, aṣọ oníbàárà ì bá ti jóná kọjá àtúnṣe. Ẹni tí wọ́n ń pè lólè ló ń ṣàníyàn aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwa tí a ń pe ara wa ní olóòótọ́ ńkọ́?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìyá Alágbàfọ̀, tó ni ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé wọn, fọwọ́ kan ọrùn níwájú jígí, ọrùn ṣófo. Ẹ̀gbà ọrùn wúrà tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ fún un kó tó kú kò sí níbẹ̀. Ó gbọn ìrọ̀rí, ó gbọn aṣọ ìbùsùn, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó da gbogbo ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó ń fá irùngbọ̀n bi í pé kí ló ń wá, ó kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ojú obìnrin náà bá ti le báyẹn, ẹni tó gbọ́n a yà fún un lọ́nà.

Ọjọ́ náà kọ́ ló sì yẹ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni ọkọ rẹ̀ fi ṣe akọ̀wé kóòtù, Akọ̀wé ni tọmọdé tàgbà sì ń pè é títí di òní. Ó ń díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ìdìbò sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Agogo méjìlá ọ̀sán ni yóò bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tó wà lópin òpópónà. Ohun kan náà ló ń wí láti ìgbà tó ti jáde: kí wọ́n má ti ẹnikẹ́ni mọ́lé láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, kí wọ́n má fi ìyà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn, kí olówó àti tálákà máa rí ojú adájọ́ kan náà. Àwọn alátakò rẹ̀ sì ti sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri káàkiri, àwòrán rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni Ọ̀RẸ́ OLÈ.

Ìyá Àgbà, ìyá Akọ̀wé, jókòó nínú ilé ìdáná, ó ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì nítorí eyín rẹ̀ tó ti lọ.

"Ìyàwó mi, ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn?"

"Lánàá ni, Màmá. Ó wà lọ́rùn mi nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

"Ó wà níbẹ̀ nígbà tí o gòkè padà?"

"Kí ló fẹ́ mú un kúrò níbẹ̀? Èmi kì í bọ́ ọ."

"Ẹni tó bá ń kánjú kì í rí ohun tó wà nílẹ̀ o. Jókòó mu tíì ná."

Ìyá Alágbàfọ̀ kò jókòó. Ó ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ kí ìyá tó sọ gbólóhùn náà tán.

Gúnrégé wà nídìí tábìlì ìlọṣọ, ó ń wọ́n omi sórí ṣòkòtò kan. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Gúnrégé, nítorí pé ìlà ṣòkòtò tó bá lọ̀ a máa gún régé bí ẹni fi rúlà fà á. Ọkùnrin tó dákẹ́ ni, ó ti lé lógójì, àwọ̀tẹ́lẹ̀ tirẹ̀ pàápàá kì í rún.

"Gúnrégé, o ò rí ẹ̀gbà ọrùn mi?"

Ọkùnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Mo rí nǹkan kan tó dà bí ẹ̀gbà, mà. Inú àpò ni mo ti bá a ní ìdájí. Mo wé e, mo so ó."

"O so ó mọ́ kí ni?"

"Mọ́ jákẹ́ẹ̀tì kan, mà. Jákẹ́ẹ̀tì dúdú."

"Ti ta ni?"

"N kò wò ó, mà. Ẹ̀yin lẹ ní kí á má máa wò ó."

Òótọ́ ló sọ. Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà, Ìyá Alágbàfọ̀ ló sì gbé e kalẹ̀ ní ọdún tí lẹ́tà kan tí wọ́n bá nínú àpò ọkọ oníyàwó fẹ́ẹ̀ tú ilé méjì. Ohunkóhun tí alọṣọ bá bá nínú àpò, kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kò gbọdọ̀ bèèrè ẹni tó ni ín, kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Yóò wé e sínú àkísà funfun kékeré, yóò fi pín-ìnì so ó mọ́ inú aṣọ níhà òsì, yóò sì gbé ẹnu dákẹ́. Nítorí òfin yìí ni àwọn èèyàn pàtàkì fi ń kó aṣọ wọn wá láti òpópónà kẹta. Aṣọ oníbàárà nìkan ló sì wà fún. Ohun tí wọ́n bá rí nínú àpò aṣọ ilé, orí tábìlì òkè ni wọ́n ń gbé e sí, gbangba.

Jákẹ́ẹ̀tì dúdú méje ló wà lórí irin tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́. Ìyá Alágbàfọ̀ yí inú wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ́kọ́rọ́ kan wà nínú ọ̀kan, ìwé tí wọ́n ká wà nínú òmíràn. Kò sí wúrà.

"Ó dà?"

"Mo so ó, mà. Bóyá wọ́n ti wá gba aṣọ náà."

"Ta ló ti wá gba aṣọ láàárọ̀ yìí? A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn ni!"

Gúnrégé wo orí irin, ó tún wo ilẹ̀. Ẹni tí kò mọ irọ́ í pa, bí òótọ́ bá tán lẹ́nu rẹ̀, dídákẹ́ ló kù. Dídákẹ́ ọ̀hún ni Ìyá Alágbàfọ̀ rí, ó sì pè é ní ẹ̀bi. Ó figbe ta.

Igbe náà ló kó èèyàn jọ. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tiwọn sáré wọlé pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ẹni tó ń gẹ̀ lórí sì tẹ̀lé e pẹ̀lú ìdajì orí tó kù.

"Gúnrégé kẹ̀?" ni Onígbàjámọ̀ wí. "Ẹni tí bọ́tìnnì mi já lọ́dọ̀ rẹ̀, tó rán an padà, tí kò tilẹ̀ sọ fún mi? Ìyá Alágbàfọ̀, ẹ fara balẹ̀. Bí Gúnrégé bá jalè, ẹ wá mú èmi náà, mo fi ara mi jẹ́rìí rẹ̀."

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó wá gba aṣọ, irú àwọn tí kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má dá ara yín lágara. Ilé Akọ̀wé kọ́ nìyí? A ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ràn olè níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Akọ̀wé bá pàdé lórí àtẹ̀gùn. Ó ti múra tán, jákẹ́ẹ̀tì dúdú tí ìyàwó rẹ̀ gbé gòkè fún un láàárọ̀ wà lára rẹ̀, ìwé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fa ìyàwó rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Ìyá ọmọ mi, jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ yìí mọ sílé. Kí á wá a dáadáa ná."

"Ibo ni kí n tún wá? Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fọwọ́ kàn án! Ẹ̀gbà ìyá mi ni, Dádì. Gbogbo ayé lẹ ń gbèjà. Ó ku èmi."

"N kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn wí? Títí ọ̀sán yóò ti dé gbọ̀ngàn. Wọ́n á ní olè wà nílé yín, ẹ sì fi aṣọ bò ó."

Akọ̀wé wo ìwé ọ̀rọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo àdúgbò yẹn, kò sí ẹni tó mọ̀ jù ú lọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí aláìní tí wọ́n bá gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ Ẹtì bíi tòní. Ó mọ yàrá ẹ̀yìn. Ó mọ irú ìwé tí ń jáde níbẹ̀. Síbẹ̀, ó fa fóònù yọ. Ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Oníràwọ̀ ló pè, ojúlùmọ̀ rẹ̀ láti ayé kóòtù.

"Ẹ kàn fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ni," ni ó ń wí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí Gúnrégé. "Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Mo bẹ̀ yín."

Ó bẹ̀ wọ́n lóòótọ́. Kí a má parọ́ mọ́ ọn.

Nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá tó gbé Gúnrégé gbéra, Ìyá Àgbà ti dé orí àtẹ̀gùn, ó di irin mú. Kò pariwo.

"Orúkọ rere sàn ju wúrà òun fàdákà lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa," ni ó wí. "Wúrà wa là ń wá. Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ la fi ń wá a."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni Akọ̀wé wí.

"Ìwọ lo ṣe iṣẹ́ kóòtù, èmi kọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, kí là ń pè é?"

Ọmọ rẹ̀ ń wo aago ọwọ́. Tíì tí ìyá gbé kalẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti tutù, eṣinṣin kan sì ti kú sínú rẹ̀.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ooru mú débi pé àwọn èèyàn ń fi ìwé ìpolongo fẹ́ ara wọn, ojú Akọ̀wé sì ń lọ sókè sódò lọ́wọ́ wọn. Ìyá Alágbàfọ̀ jókòó sí iwájú pátápátá bí ìyàwó olùdíje ti í jókòó, ó ká ọwọ́ lé ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú.

Akọ̀wé mọ ọ̀rọ̀ sọ. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀ tí òógùn fi bò ó, ló bá bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó nawọ́ rẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀ láti orí pèpéle. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n fẹ́ràn olóṣèlú tó bá bọ́ aṣọ. Ìyá Alágbàfọ̀ ká a ká a, bí ọwọ́ alágbàfọ̀ ti í ká aṣọ láìronú, ìka rẹ̀ sì kan nǹkan tó le níhà òsì.

Ó mọ̀ kí ojú rẹ̀ tó wò ó. Ó yí etí aṣọ náà padà díẹ̀. Àkísà funfun kékeré ni, pín-ìnì kan mú un, ó wé dáadáa, ó gún régé.

Nígbà náà ló tó rántí. Lálẹ́ àná, ó ń fi bílíìṣì fọ aṣọ funfun oníbàárà kan. Kí bílíìṣì má ba wúrà jẹ́, ó fi ọwọ́ tó mọ́ bọ́ ẹ̀gbà náà, ó sọ ọ́ sínú àpò tó súnmọ́ ọn jù lọ. Jákẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ ló wà lórí ìṣó ní èjìká rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ṣa jákẹ́ẹ̀tì náà mọ́ ti oníbàárà, ó gbé gbogbo rẹ̀ ka iwájú Gúnrégé. Gúnrégé rí jákẹ́ẹ̀tì dúdú láàárín jákẹ́ẹ̀tì dúdú, ó sì ṣe ohun tí òfin wí. Jákẹ́ẹ̀tì méje ló tú wò láàárọ̀. Ìkẹjọ rèé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lórí pèpéle, ohùn Akọ̀wé ti rẹlẹ̀, gbọ̀ngàn sì pa lọ́lọ́.

"Ẹ̀yin ará mi, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé kóòtù pé, Ó jẹ́wọ́. Nínú àwọn tí mo kọ ọ́ fún, mo rí ẹni tí kò lè gbé ọwọ́ tí yóò fi tọwọ́ bọ̀wé. Mo rí i, mo kọ ọ́, mo mú ìwé mìíràn. Ó dùn mí títí di òní. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ lọ sí ilé aṣòfin. Kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ìyà gbà lẹ́nu ènìyàn má jẹ́ ọ̀rọ̀ mọ́."

Ìyá Alágbàfọ̀ fẹ́ dìde. Ó tún fìdí mọ́ àga. Ojú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, aago ògiri sì wà lókè orí ọkọ rẹ̀: agogo méjìlá kọjá ìṣẹ́jú ogún.

Ọkùnrin kan nawọ́ láti ẹ̀yìn. "Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ yín dùn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ilé yín gan-an ni olè ti jà ńkọ́?"

Ẹ̀rín bú sílẹ̀, nítorí pé gbogbo wọn ló ti gbọ́. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́n, ó sọ ọ́ di tirẹ̀.

"Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí. Wọ́n jí nǹkan iyebíye nílé mi láàárọ̀ yìí. Ṣé mo nà án? N kò nà án. Ṣé mo ní kí àdúgbò lù ú? Rárá. Mo fi í lé òfin lọ́wọ́, kí òfin gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá ń pè mí ní ọ̀rẹ́ olè, ẹ sọ fún un pé ọ̀rẹ́ òfin ni mí!"

Wọ́n dìde dúró fún un. Ìyá Alágbàfọ̀ náà dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, kò lè pàtẹ́wọ́ nítorí ohun tó dì mú. Nígbà tí wọ́n jókòó, ó jókòó. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìbéèrè kan péré ló kù, pé òun ò lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọkọ òun lójú gbogbo èèyàn, pé Oníràwọ̀ ti gbọ́ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ìbéèrè kan di méjì, méjì di mẹ́fà. Agogo kan àbọ̀ ni Akọ̀wé tó sọ̀kalẹ̀.

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán jọ sí, ìyàwó rẹ̀ fi ẹ̀gbà náà hàn án. Kò nílò àlàyé púpọ̀. Akọ̀wé wo wúrà, ó wo àkísà, ó wo àwọn èèyàn tó ń jáde tí wọ́n ń juwọ́ sí i.

"Ta ló tún mọ̀?" ni ó bi í.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọjọ́ pẹ́ kí Ìyá Alágbàfọ̀ tó gbàgbé rẹ̀, bóyá kò sì tíì gbàgbé rẹ̀.

Oníràwọ̀ dìde fún wọn nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Àwo ìrẹsì kan wà lórí tábìlì, ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. "Akọ̀wé! Mo ń bọ̀ wá pè yín ni. Ọ̀rọ̀ ti parí. Ó ti jẹ́wọ́."

"Ó jẹ́wọ́ kí ni?" ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí.

Ọ̀gá ọlọ́pàá nu ọwọ́, ó fa ìwé kan yọ, ó sì kà á. Pé òun alọṣọ wọ yàrá ọ̀gá òun ní ìdájí. Pé òun mú ẹ̀gbà ọrùn kan lórí tábìlì. Pé nígbà tí ẹ̀rù bà òun, òun jù ú sínú gọ́tà, omi sì gbé e lọ. Wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní agogo kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìyá Alágbàfọ̀ ṣírò rẹ̀ láìfẹ́ ṣírò rẹ̀. Agogo kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀gbà tí omi gọ́tà gbé lọ wà lórí ẹsẹ̀ òun. Bí òun bá ti dìde ní agogo méjìlá kọjá ogún, òun ì bá ti bá wọn kí wọ́n tó mú bírò. Ó ká a lára débi pé ó fọwọ́ di etí tábìlì mú.

Akọ̀wé gbé ẹ̀gbà náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ìrẹsì. "Kò jí i. Ara aṣọ mi ló wà."

Oníràwọ̀ wò ó. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó padà wá jókòó.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó. Bí mo bá kọ ọ́ síbí pé kò jí i, wọ́n á bi mí pé kí ló wá mú un jẹ́wọ́. Èmi ò fẹ́ ìbéèrè yẹn. Ẹ̀yin náà ò fẹ́ ẹ. Wọ́n á ní Akọ̀wé tó ń pariwo ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, òun ló fi aláìṣẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù fún yín." Ó fa ìwé funfun kan síwájú. "Ẹ kàn kọ ọ́ pé ẹ̀yin olóhun ti dárí jì í, ẹ ò ṣẹjọ́ mọ́. A ó fi í sílẹ̀ kíákíá. Ó ń lọ sílé, ẹ̀yin ń lọ sílé. Àwọn èèyàn á tilẹ̀ yìn yín."

"Dádì," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí.

"Lẹ́yìn ìdìbò," ni Akọ̀wé wí wúyẹ́wúyẹ́, kò wo ojú rẹ̀. "Lẹ́yìn ìdìbò, a ó tún un ṣe. Kó jáde ná. Ṣé o fẹ́ kó sun ibí ni?"

Kò fẹ́ kó sun ibẹ̀. Ohun tí ọkọ rẹ̀ fi mú un nìyẹn, òótọ́ sì ni. Akọ̀wé mú bírò, ó fi ọwọ́ ìkọ̀wé kóòtù rẹ̀ tó lẹ́wà kọ ọ́ pé òun dárí ji alọṣọ òun nítorí àánú. Kò ṣi lẹ́tà kan kọ.

Wọ́n mú Gúnrégé wá. Aṣọ rẹ̀ ti rún jákùjáku, bọ́tìnnì méjì ti já. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún sábẹ́ abíyá òsì, bí ẹni òtútù ń mú. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ọ̀gá rẹ̀ ti dárí jì í, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ṣeun, mà."

"Dìde, dìde," ni Akọ̀wé wí kíákíá.

Ìròyìn ti ṣáájú wọn délé. Ta ló gbé e, a ò mọ̀. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ọkọ̀. Èèyàn ti kún iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń kígbe "Aláàánú!" bí Akọ̀wé ti ń sọ̀kalẹ̀. Obìnrin àárọ̀ yẹn, ẹni tí kì í gbé ọ̀rọ̀ mì, òun ni ohùn rẹ̀ ròkè jù. Ó ní òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́, pé ẹni tí wọ́n jà lólè tó tún dárí jini, kí la tún ń wá lára aṣòfin?

Onígbàjámọ̀ kò kígbe. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń wo Gúnrégé.

"Mo fi ara mi jẹ́rìí rẹ láàárọ̀," ni ó wí. "Lójú gbogbo ayé."

Onígbàjámọ̀ wọlé, ó fa aṣọ ilẹ̀kùn.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Àgbà ti bu ìrẹsì kalẹ̀ de alọṣọ lórí tábìlì ìlọṣọ, pẹ̀lú ẹyin méjì lórí rẹ̀. Gúnrégé fi ọwọ́ ọ̀tún mú ṣíbí, ṣíbí bọ́. Ó fi òsì mú un, ó jẹ ẹ̀ẹ̀kan, ó gbé e kalẹ̀. Ìyá Àgbà wo ọwọ́ náà, lẹ́yìn náà ló wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì rọra gun àtẹ̀gùn lọ.

Ó ku àwọn méjì. Níta, Akọ̀wé ń bọ èèyàn lọ́wọ́.

"Gúnrégé." Ìyá Alágbàfọ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "A ti rí i. Ara jákẹ́ẹ̀tì ọ̀gá rẹ ló wà. Ibi tí o so ó mọ́ gan-an. Èmi ni mo fi í sí àpò, èmi ni mo gbàgbé. Jọ̀ọ́, má bínú. Má bínú sí mi."

Ọkùnrin náà kò fò sókè, kò bú u. Ó kàn mí kanlẹ̀.

"Mo so ó," ni ó wí. "Mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀, mà. Wọ́n ní irọ́ ni. Nígbà tó yá, èmi fúnra mi ò mọ̀ mọ́ bóyá mo so ó." Ó gbójú sókè. "Ṣé àwọn tó wà níta mọ̀?"

Ìyá Alágbàfọ̀ wo ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn, mà. Ìṣísẹ̀ mélòó ló wà láti ibí dé ọ̀dọ̀ wọn? N kò fẹ́ nǹkan mìíràn. Ẹ sọ fún Onígbàjámọ̀ nìkan pàápàá, yóò bá mi sọ ọ́."

"Ọ̀gá rẹ ní... lẹ́yìn ìdìbò ni. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, Gúnrégé. A ó kó gbogbo èèyàn jọ, a ó sọ ọ́."

"Ọ̀sẹ̀ méjì." Ó tún un wí bí ẹni ń wọn aṣọ. "Ọmọ mi máa ń gba ojú ọ̀nà yìí kọjá bó bá ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀. Kí ni wọn yóò máa pè é fún ọ̀sẹ̀ méjì?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá Alágbàfọ̀ mọ òwe yẹn láti kékeré, kò sì mọ̀ pé èyí tí a kò sọ náà máa ń fọ́. Ó dìde. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó rí ọkọ rẹ̀ láàárín èèyàn, jákẹ́ẹ̀tì lórí apá, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọkọ ìyàwó, àti ẹnì kan tó fẹ́ yà á ní fọ́tò. Akọ̀wé rí i pẹ̀lú. Ó mi orí díẹ̀, díẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè rí: rárá.

Ìyá Alágbàfọ̀ dúró síbẹ̀. Ó gbọ́ bí Gúnrégé ti yọ okùn áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná lẹ́yìn rẹ̀, bó ti ká a, bó ti gbé irin náà sí àyè rẹ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n kọjá, mà," ni ọkùnrin náà wí.

Ó yà fún un. Gúnrégé gba àárín èrò kọjá, orí rẹ̀ wà nílẹ̀, àwọn èèyàn sì ṣí ọ̀nà fún un gbàgàdà ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tó dé ọ̀kánkán obìnrin tó ń kígbe Aláàánú, obìnrin náà kò dẹ́kun igbe rẹ̀. Ó kàn fa báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ó fi apá méjèèjì dì í mú títí Gúnrégé fi kọjá tán. Ìyá Alágbàfọ̀ rí i, Gúnrégé náà rí i.